Ó Pa Jẹjẹrẹ Nínú Àwo, Ṣé Ó Dé Ìfun?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ tún ti gbé e jáde! Àkọlé gàdàgbà, àwòrán ata ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ní èròjà inú rẹ̀ ń pa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Mo ka ìròyìn náà tán, mo tún un kà, n kò rí ibi kankan tí akọ̀ròyìn yín ti sọ bí ohun tí èèyàn gbé mì ṣe máa dé ibi tí àrùn náà fìdí sí. Inú àwo ni wọ́n ti dán an wò, lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn ní yàrá ìwádìí. Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán pàápàá ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo, bí ẹ bá ti bù ú pọ̀ tó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ṣé ó dé ìfun?

Curcumin tó ń fún ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Díẹ̀ tó bá ráyè gba ara ìfun kékeré wọlé, ìfun náà àti ẹ̀dọ̀ á ti yí i padà kó tó rìn jìnnà. Àwọn kan ti gbé gíráàmù 8 mì lójúmọ́ nínú ìwádìí, bín-ín-tín ni wọ́n sì rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Quercetin inú àlùbọ́sà àti resveratrol inú èso àjàrà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 1998, àwọn olùwádìí fi piperine inú ata dúdú kún curcumin, iye tó wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó sì fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà gbọ́ dé, wọn kò dúró gbọ́ ìyókù. Ńṣe ni piperine ń dí ìfun àti ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ oògùn tí dókítà kọ fún èèyàn náà ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Àwọn dókítà ti rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n lo àpòpọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gba ìtọ́jú àrùn yìí ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbé kápúsù mì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe ségesège ni àṣírí tú. N kò lè búra pé kápúsù ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó dá a dúró, ẹ̀dọ̀ sì bọ̀ sípò. Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á yípo. Wọ́n kọ "àdánidá" sí i lójú mẹ́ta. Ibi tí kápúsù náà ti ń tú nínú ara, wọn kò kọ ọ́.

Àwọn tí à ń sanwó oṣù fún kí wọ́n máa yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ńkọ́? Wọ́n á ní àfikún oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, kò kan àwọn. Bí wọ́n bá dé ìpàdé, wọ́n á ní àwọn ń dáàbò bo aráàlú. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Kò kúkú jẹ́ pé kò sọ́nà. Ásíìdì inú ikùn le, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti rọlẹ̀ kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá. Awọ kápúsù kan sì wà tí kì í yọ́ àfi tí ìwọ̀n pH, òṣùwọ̀n tó ń ga bí ásíìdì bá ṣe ń dín kù, bá tó 7. Òmíràn wà tí wọ́n fi pectin inú èèpo èso bò, bakitéríà ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́ kí oògùn tó tú jáde. Sulfasalazine, oògùn egbò ìfun ńlá, ti ń lo irú ọgbọ́n yìí tipẹ́: bakitéríà ibẹ̀ ló ń gé e sí méjì kó tó ṣiṣẹ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń di curcumin sí, ara eku ni ọ̀pọ̀ ìwádìí rẹ̀ ṣì wà. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ohun tó tú sínú ìfun ńlá kò lè lé e bá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ewé àti egbò o. Irinotecan tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn yìí gan-an, ara igi ló ti wá: camptothecin tí wọ́n kéde ní 1966 láti ara igi Camptotheca acuminata ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó fòǹtẹ̀ lu irinotecan. Ọgbọ̀n ọdún! Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń fà á sí, wọn kì í sè é mu bí àgbo. Bí ẹni tó ń gbà á bá tún ń lo St John's wort, ewé ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó kan, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn náà á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju àpótí kékeré kan lọ, lábẹ́ gbogbo ìròyìn tó bá ti ní ewé kan ń wo jẹjẹrẹ. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: àwo ni, eku ni, àbí èèyàn? Èèyàn mélòó? Wọ́n gbé e mì àbí wọ́n fà á sínú iṣan? Ṣé ó dé ìfun? Ẹ wo ti berberine, èròjà inú àwọn egbòogi kan, tí wọ́n dán wò ní Ṣáínà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Àpótí tirẹ̀ á kà báyìí: èèyàn 891 tí wọ́n ti gé kókó inú ìfun ńlá wọn kúrò, gíráàmù 0.3, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́nu. Kókó tún hù lára ìdá 36 nínú 100 àwọn tó lò ó, àti ìdá 47 àwọn tí kò lò ó. Kókó tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú ni o, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Berberine kì í sì í fẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sínú ìfun níbi tí iṣẹ́ wà. Ẹ rí i bí ìlà mélòó kan ṣe lè sọ òótọ́? Bí akọ̀ròyìn kò bá rí ohun kọ sínú àpótí, kó dá ìròyìn náà padà sínú àpò rẹ̀. Kí ẹ sì fi ti ata ilẹ̀ pupa yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, kí àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí àwọn tó ń pín owó ìwádìí yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò lára èèyàn, eku ti gbọ́ tiwọn. Kí àwọn dókítà náà máa béèrè ohun tí aláìsàn ń lò nílé, kí wọ́n sì béèrè láì jágbe mọ́ ọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí inú ń bí