Sí Adéwálé, lórí ìyẹ̀fun funfun àti ìyẹ̀fun pupa

Tokyo, ilẹ̀ Jàpáànù

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara Màmá ti le. O béèrè pé, bí oòrùn ṣe ń mú tó lọ́dọ̀ yín, kí ni kò jẹ́ kí a máa fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ya omi, kí a sì máa fi háídírójìn tí ó bá jáde dáná.

Láti ọdún 1972 ni Akira Fujishima àti Kenichi Honda, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jàpáànù, ti fi hàn pé titanium dioxide, ìyẹ̀fun tí ń mú kí ọ̀dà ilé funfun, lè ṣe é. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ba hóró irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan (ègé bíńtín tí ń gbé iná mànàmáná) yóò ta kúrò ní ààyè rẹ̀, ààyè náà yóò sì ṣófo. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ni yóò mú háídírójìn jáde nínú omi, ààyè òfo yóò mú ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá tún pàdé kí wọ́n tó dé ojú hóró, ooru lásán ni agbára náà yóò dà.

Ní 2020, ikọ̀ Kazunari Domen, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jàpáànù, wá nǹkan ṣe sí èyí. Strontium titanate, ìyẹ̀fun funfun mìíràn, tí wọ́n fi aluminium díẹ̀ sí ni wọ́n lò. Wọ́n lẹ rhodium àti chromium mọ́ ojú tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń gbà jáde, wọ́n sì lẹ cobalt mọ́ ojú kejì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ń lọ kò pàdé ẹni tí ń bọ̀. Nínú 100 ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, èyí tí ojú wa kò lè rí, tí wọ́n tàn sí i, bíi 96 ló ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ́ irú rẹ̀ sínú pánẹ́ẹ̀lì síta gbangba, ní fífẹ̀ mítà 100 onígun mẹ́rin, 0.76 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ni ó di háídírójìn nígbà tó ṣe dáadáa jù lọ. Ìyẹ̀fun náà funfun, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ni ó sì ń dá padà. Ultraviolet tí ó ń gbà kò ju nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ìyẹ̀fun aláwọ̀, tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki tantalum oxide funfun bọ inú ààrò, mo fẹ́ gáàsì ammonia sí i ní 850 digiri Celsius mọ́jú, kí náítírójìn inú gáàsì náà lè wọ inú ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó ti pọ́n bí osùn. Mo dà á sómi, mo tan iná sí i, gáàsì sì ń hó jáde. Mo ti fẹ́ máa jó kí n tó wọn gáàsì náà, tí mo sì rí i pé náítírójìn ló pọ̀ nínú rẹ̀: ara ìyẹ̀fun gan-an ni ààyè òfo ń jẹ, kò kan omi.

Lọ́jọ́ Ajé, màá kọ́kọ́ lẹ cobalt mọ́ ìyẹ̀fun pupa mìíràn, kí ààyè òfo lè kọjú sí omi, kí n tó tan iná sí i. Má tíì ta sílíńdà gáàsì rẹ o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Dáyọ̀