Ẹ Má Yọ Kóòṣì Guy Lewis Kúrò Nínú Ìtàn Hakeem

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo ń gbọ́ ètò eré ìdárayá kan lédè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí ní Houston. Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan pè wọlé, ó béèrè pé ta ló kọ́ ọ ní yunifásítì. Èsì tí atọ́kùn ètò fún un ni pé: "Kóòṣì wo? Ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn ni. Kò tilẹ̀ gba ife kankan." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè wọ́n, wọn ò gbé e.

Guy Lewis ni orúkọ kóòṣì náà, yunifásítì ìlú Houston ló ti kọ́ ọ. Ọdún 27 ni wọ́n fi dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gbà á wọ Naismith Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó wà ní Springfield. Ó fẹ̀yìn tì ní 1986, ó di 2013 kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Nígbà náà ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń tì í kiri. Elvin Hayes tó kọ́ ti wọlé láti 1990. Clyde Drexler tó kọ́ wọlé ní 2004. Hakeem fúnra rẹ̀ wọlé ní 2008. Níbo ni wọ́n ti ń fún ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta lága tí ọ̀gá wọn ṣì wà lórí ìdúró níta?

Mo wà níbí nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní 1983, àwa ọmọ Nàìjíríà a máa kó ara wa lọ sí Hofheinz Pavilion, gbọ̀ngàn tí yunifásítì wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, a ó máa pariwo "Akeem! Akeem!" torí wọn ò tíì fi H síwájú orúkọ rẹ̀. Mo rí ọkùnrin yìí lójú mi, aṣọ ìnura pupa tó ní àmì tótótó funfun lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń lọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lásán kì í làágùn bẹ́ẹ̀.

Kò gba ife, òótọ́ ni. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983, ní Albuquerque, ikọ̀ wa ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n léra léra kí wọ́n tó bá North Carolina State pàdé nínú àṣekágbá. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ayò ti dọ́gba ní 52 sí 52, ọmọkùnrin kan ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò tilẹ̀ kan irin. Lorenzo Charles, ọmọ ikọ̀ North Carolina State, gbá a mú lókè, ó sì kì í bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò lè parọ́. Hakeem ni wọ́n dá lọ́lá pé ó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà, bẹ́ẹ̀ ikọ̀ tó pàdánù ló wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Georgetown tún fi 84 sí 75 ṣẹ́gun wa nínú àṣekágbá. Nítorí bọ́ọ̀lù kan tó já bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n fi ọdún 27 ṣe ìyà fún èèyàn!

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe ná. Ó gba bọ́ọ̀lù fún yunifásítì yẹn fúnra rẹ̀ nígbà tí ikọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní 1956, ó sì ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Ó borí nígbà 592, ó pàdánù nígbà 279. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kó ikọ̀ rẹ̀ dé ìpele àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Ní 1964, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí adúláwọ̀ nínú ikọ̀ wọn, ó lọ mú Elvin Hayes àti Don Chaney wá láti Louisiana. Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1968, ó kó wọn wọ Astrodome, pápá ìṣeré ńlá alórùlé ní Houston, níwájú èèyàn 52,693, wọ́n sì na UCLA, ikọ̀ yunifásítì kan ní Los Angeles, tó ti borí nígbà 47 léra léra, ní 71 sí 69. Hayes nìkan gba ayò 39. Gbogbo Amẹ́ríkà ló wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí fún ìdíje yunifásítì tí kì í ṣe àṣekágbá. Owó tẹlifíṣọ̀n táwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń ná lónìí, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó lànà rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mi ò sọ pé kò ní àṣìṣe. Nígbà tí Hakeem dé ní 1980, wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kó wọ takisí. Ọdún kan gbáko ni wọn ò fi í sórí pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè ohun tó máa ṣe kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ́ sí i, wọ́n ní kó lọ sí Fonde Recreation Center, ibi ìṣeré kan ní Houston, kó lọ máa bá Moses Malone fà á. Agbábọ́ọ̀lù tó lágbára jù nígbà náà ni Malone. Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti le. Ṣé ìyẹn náà ni jíju bọ́ọ̀lù sílẹ̀?

Àwọn tó ń dìbò ní Springfield, kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn síta ká lè mọ ẹni tó ń di èèyàn lọ́nà.

Ní ti ilé, ohun tí mo fẹ́ kò ná wọn ní owó ńlá. Ní 1995, yunifásítì ìlú Houston fi orúkọ Lewis sọ pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ ló ṣe. Kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ra ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo kóòṣì tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sára ògiri pápá wọn, pẹ̀lú ọdún tó dé àti ọdún tó lọ. Kí orúkọ àwọn ọmọ tó kọ́ wà lábẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ kan bá gba àmì ẹ̀yẹ ní NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, kí olùkéde pe orúkọ ọmọ, kó pe ti kóòṣì tẹ̀ lé e kó tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, torí òjò ń fọ ọ̀dà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù yìí lé Hakeem lọ́wọ́ ní Èkó, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ló lè dárúkọ rẹ̀? Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá wa mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú fọ́tò nígbà tí ife bá dé, ẹni tó fi fèrè sẹ́nu láàárọ̀ kùtùkùtù kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Kí wọ́n sì san owó ìfẹ̀yìntì wọn lásìkò.

Lewis kú ní oṣù Kọkànlá 2015, ẹni ọdún 93. Lẹ́yìn ọdún 27 tó fi dúró yẹn, ọdún méjì péré ló kù fún un láti jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ọdún méjì péré!

Olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìtàn Hakeem jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ Guy Lewis sí i. Bí àwọn elétò Sátidé yẹn bá sì ka èyí, mo ṣì ń retí kí wọ́n gbé ìpè mi.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Houston, Texas