Ojú nìkan kò tó wọn eré ọkọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Kàbà, ohun tí a máa ń kà nínú ìwé ìròyìn ni pé eré àsápajúdé ló fà á. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Awakọ̀ mìíràn wà tó wo iwájú dáadáa kó tó yà jáde lẹ́yìn tírélà, ojú rẹ̀ ló sì purọ́ fún un pé àyè wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, ó fẹ́ bọ́ síwájú tírélà tó ń sá 60. Ìyàtọ̀ eré wọn kò ju mítà 5.6 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tírélà gùn tó mítà 18, bọ́ọ̀sì gùn tó 5, a sì gbọ́dọ̀ fi 20 sílẹ̀ lẹ́yìn tírélà àti 20 níwájú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 63, yóò sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11. Bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì bá ń sá 80 lóun náà, mítà 44 ni wọ́n ń fi sún mọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣì wà ní mítà 500 nígbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń yà jáde.

Níbẹ̀ gan-an ni ojú ti ń kùnà. Bí ọkọ̀ tó dojú kọ wá ṣe ń tóbi sí i ni ojú fi ń mọ bó ṣe ń sáré tó. Ní mítà 500, tírélà tó fẹ̀ ní mítà 2.5 kò tóbi ju orí ìṣáná téèyàn nawọ́ rẹ̀ síwájú lọ. Lẹ́yìn odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó fi kún un kò tó ìdajì mìlímítà. Bí a bá fi ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí ti rí ṣírò, ó di ìgbà tó bá ku nǹkan bí mítà 190 kí ojú tó rí i pé ó ń tóbi, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré kí wọ́n tó pàdé. Kó tó dìgbà yẹn, èyí tó ń sá 60 àti èyí tó ń sá 120 ò yàtọ̀ síra lójú. Ti ọ̀kadà tún burú jù, nítorí ó tín-ín-rín: ó di bíi mítà 100.

Lóru, àlàfo àárín iná iwájú méjèèjì ni ojú ń wò. Bí ọ̀kan bá ti kú, kò sí àlàfo mọ́. Ó tún wá burú jù bó bá jẹ́ ti ọwọ́ òsì ló kú, nítorí ọwọ́ òsì ló wà láàárín títì. Ẹni tó ń bọ̀ á rò pé ọ̀kadà ló rọra ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kò ní mọ̀ pé ara ọkọ̀ ti gba àárín ọ̀nà. Gílóòbù kan ṣoṣo lè pààyàn.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Láti 1998 la ti ń gbọ́ pé kùrukùru máa ń jẹ́ kí awakọ̀ rò pé òun rọra ń lọ. Àwọn olùwádìí ní Jámánì tún un yẹ̀ wò ní 2012, wọ́n sì rí i pé inú kùrukùru tí wọ́n ṣe bíi ti gidi nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wíwà wò, tí tòsí ti mọ́ tí ọ̀nà jíjìn sì ṣú, ńṣe ni àwọn awakọ̀ dẹ eré. Ìgbà tí tòsí àti ọ̀nà jíjìn bá ṣú bákan náà ni wọ́n sáré sí i. Gíláàsì iwájú tí eruku bò ló sì máa ń mú ohun gbogbo ṣú bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi sí i kẹ́ ẹ tó tan wáìpà, torí yanrìn máa ń ha gíláàsì, ibi tó bá sì ha á máa tú iná ká lóru. Ẹ fi àkísà tútù nu inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi gbígbẹ tẹ̀ lé e.

Èyí tó kù ni ojú tí eré ti mọ́ lára. Ẹ tẹjú mọ́ odò tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá wo àpáta etí rẹ̀: ẹ ó rí i bí ẹni pé ó ń lọ sókè odò. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó sá 100 lórí kìlómítà 43 ọ̀nà kọnkéré tó ti Ọ̀bàjánà wá sí Kàbà. Bó bá dín in kù sí 60 lẹ́nu ìlú, á dà bíi pé ó ń rákò, bẹ́ẹ̀ yóò sì ti rin mítà 25 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Kó wo sípídómítà ni, kó má wo títì. Bọ́ọ̀sì tí sípídómítà rẹ̀ ti kú kò yẹ kó gbéra ní gáréèjì.

A ń bẹ àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà náà pé kí wọ́n kun ìlà dábùú títì kó tó wọ Kàbà. Wọ́n ti ṣe é ní Scotland ní bí 50 ọdún sẹ́yìn, jàǹbá sì dín kù: ìlà náà á máa sún mọ́ra bó ṣe ń kan ìlú, ojú á rò pé eré ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ á sì wá bíréèkì. Sípíìdì-bíréékà nìkan ò tó, torí ẹni tí ojú rẹ̀ ti kú sí eré á ti gun orí rẹ̀ kó tó mọ̀. Kí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti bíi mítà 400, kí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń tàn lóru, kí wọ́n sì tún un kùn lẹ́yìn òjò ọdọọdún, torí táyà tírélà á ti pa á rẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí