Ẹni tó ti ṣe LASIK, ẹ sọ fún dókítà tó ń wọn ìfúnpá ojú yín

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi LASIK, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi iná lésà ṣe láti tún ìríran ṣe, bọ́ jígí kúrò lójú ló ń ríran dáadáa. Ewu rẹ̀ ni kò hàn tó nínú ìpolówó.

Kọ́níà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, sábà máa ń nípọn tó nǹkan bí 540 máíkírọ́ọ̀nù péré (1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ìdérí fẹ́lẹ́ bíi 110 sókè, lésà á wá há nǹkan bíi 15 kúrò fún dáyọ́pítà (ìwọ̀n agbára jígí) kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, 250 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lábẹ́ ìdérí náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kọ́níà lè rọ̀, kó yọ síta, kí ìríran sì tún dàrú.

Ojú gbígbẹ ló wọ́pọ̀ jù. Ó sábà máa ń dẹwọ́ láàárín oṣù 6 sí 12, àmọ́ ti ẹlòmíràn kì í lọ.

Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, ló ká wa lára jù, nítorí ó pọ̀ gan-an láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí kọ́níà bá ti fẹ́lẹ́ lẹ́yìn LASIK, ẹ̀rọ máa ń ka ìfúnpá inú ojú sí kékeré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ìfúnpá tó jẹ́ 23 mmHg lè hàn bíi 19, wọ́n á ní kò séwu, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n wo iṣan ẹ̀yìn ojú tó lọ sí ọpọlọ pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí kàtárákì (kí lẹ́ńsì inú ojú ṣókùnkùn) bá dé lọ́jọ́ ogbó, ó máa wúlò fún ìṣirò lẹ́ńsì tuntun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ojú