Àdùkẹ́, kókó Màmá kò hù padà

Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Sátidé, níbi tí o ti ń bẹ̀rù pé ìgbẹ́ gbuuru tó tún ń yọ Màmá lẹ́nu túmọ̀ sí pé kókó inú wọn tún ti hù. Fọkàn balẹ̀: kókó inú Màmá kò hù padà.

Ìgbẹ́ gbuuru ìgbà àkọ́kọ́, kókó yẹn ló fà á. Ìparí ìfun kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ran ẹ̀dọ̀. Ó ń tu èròjà kan tó ń jẹ́ serotonin sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń lé ìfun wọn léré. Bí Màmá gbààwẹ̀, wọn á yàgbẹ́. Bí wọ́n sùn, á jí wọn. Ojú wọn á sì gbóná lójijì bí ẹni tó ń yáná. Flagyl tí mo sáré rà ní kẹ́míìsì kò ta á létí. Abẹ́rẹ́ octreotide tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù ló mú un rọlẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru tó dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ kókó náà ló pa wá lẹ́kún. Wọ́n á jẹ láfún láàárọ̀ (ṣebí Ajílété ni wá, à ń jẹ̀kà ká tó mùkọ), kí wọ́n tó fọwọ́ tán, wọ́n ti ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Àṣé ibi tí dókítà gé dànù nínú ìfun ni ara fi ń gba òróòro padà. Ó wá ń ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, ó ń ta á. Ìyẹ̀fun cholestyramine, tó ń so òróòro yẹn mọ́ra, ni wọ́n ń pò mómi mu báyìí. Wọn kì í lò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn, torí kì í jẹ́ kí ìyẹn wọ ara.

Ọ̀rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ tó gbà wá yẹn náà tún dá tiẹ̀ sílẹ̀! Ó máa ń dín omi tó ń da ọ̀rá inú oúnjẹ kù. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ ìwọ náà ni: ìgbẹ́ wọn ń yọ̀ bí epo, ó ń léfòó, òórùn rẹ̀ ò ṣeé gbà mọ́ra. Màmá ní aládùúgbò ló fi nǹkan sí gbẹ̀gìrì àwọn. Èmi kọ àwọ̀ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ sínú ìwé, mo gbé e lọ fún dókítà. Bó ṣe kà á tán ló kọ Creon, oògùn tó ń báni da ọ̀rá, fún wọn; pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa gbé e mì.

Wọ́n tún ní kí Màmá gba ìtọ̀ wákàtí 24 jọ láti fi yẹ serotonin yẹn wò, kí wọ́n má fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí serotonin wà nínú àwọn náà. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀! Wọ́n bínú débi pé wọn ò patẹ rárá.

Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá láfún tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dé.

Èmi ni,
Bọ́lájí