Kí O Tó Lé Ata Kúrò Nínú Ìkòkò

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara bàbá rẹ le, ara tèmi náà le. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ṣe é fojú fò. O ní láti ìgbà tí o ti dé Leeds ní Ìlú Ọba ni oúnjẹ kò ti bá ọ lára mu mọ́: ètè ń yún ọ, àyà ń ta ọ́ lóru, inú rẹ ń wú, orúnkún ń ro ọ́. O ní ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé tòmátì àti ata ló fà á, lo bá lé àwọn méjèèjì jáde, o lé pòtétò, búrẹ́dì, ẹ̀wà àti mílíìkì tẹ̀ lé wọn. Kí ló wá kù tí ọmọ mi ń jẹ?

Mo gbà pé ara ń ni ọ́. Kò sí ìdílé nílẹ̀ wa tí kò ní ohun tí wọn kì í jẹ, a kì í sì í bá wọn jà sí i. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí o ṣe kó oúnjẹ mẹ́fà pọ̀ tí o dá gbogbo wọn lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnira mẹ́rin tí o kà sílẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Wádìí ẹni tó jẹ̀bi kí o tó lé aláìṣẹ̀.

Lóòótọ́, ẹbí kan ni tòmátì, rodo, tàtàṣé, ṣọ̀mbọ̀, ikàn àti pòtétò òyìnbó. Solanaceae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tábà wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ ọ̀dú tí ìyá àgbà rẹ fẹ́ràn náà wà níbẹ̀. Ànàmọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣu, ẹ̀gẹ́, iyèré, ata ilẹ̀ àti ataare, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ànàmọ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n tún fi oró kan tó ń jẹ́ solanine dẹ́rù bà ọ́. Pòtétò tí ìmọ́lẹ̀ pa tí èèpo rẹ̀ di àwọ̀ ewé, tàbí èyí tó ti ń hù, ni oró yẹn ti máa ń pọ̀, sísè kì í sì í pa á. Gbé irú rẹ̀ jù nù. Ìwọ̀nba tó wà nínú pòtétò tó dára kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan.

Ti ètè rẹ ló gbà mí lọ́kàn jù. O ní sàláàdì ni o jẹ tí ètè àti òkè ẹnu fi ń yún ọ, ṣùgbọ́n o jẹ ọbẹ̀ ata nílé àǹtí rẹ, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Tòmátì wà nínú méjèèjì, àbí? Ọ̀kan tútù, ọ̀kan jinná. O tún sọ pé nígbà tí òtútù lọ tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, o ń sín ṣáá, ojú ń yún ọ. Jọ méjèèjì pọ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó ń fò káàkiri lásìkò yẹn ní Ìlú Ọba, ti koríko àti ti igi birch, ní èròjà tó jọ èyí tó wà nínú àwọn èso tútù bíi tòmátì àti ápù. Ara tó ti bínú sí lẹ́búlẹ́bú yẹn á ṣi èso náà mú, á bá a jà. Iná máa ń ba èròjà náà jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe ọ́, tòmátì tútù ni kí o yàgò fún, kí o máa jẹ ọbẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n fi etí sílẹ̀: bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí ọ̀fun ń fún, tí o kò lè mí dáadáa, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, ni kí o pè lójú ẹsẹ̀. Má ṣe dúró wá epo pupa mu. Epo kò lè ṣẹ́gun ìyẹn.

Àyà tó ń ta ọ́ lóru, ata lè lọ́wọ́ sí i, àmọ́ aago mẹ́wàá alẹ́ tí o fi ń jẹun kí o tó dùbúlẹ̀ lé e burú jù ú lọ. Jẹun ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun. Awọ funfun tí kóró ata so mọ́ ni oró rẹ̀ pọ̀ sí jù, nítorí náà fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Tàtàṣé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oró rárá. Tòmátì tí o bá lọ̀, dà á sínú asẹ́ kí omi kíkan rẹ̀ ro dànù kí o tó dín in.

Inú wíwú, mílíìkì ni mo fura sí. Ìwọ̀nba ṣíbí kan nínú tíì ni o ń mu nílé. Níbẹ̀, o ní kọ́fí oní-mílíìkì ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àgbà nínú ẹ̀yà tiwa ni inú wọn kì í lè da lactose, ṣúgà inú mílíìkì, dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Kì í ṣe àrùn. Yọ́gọ́ọ̀tì kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà náà máa ń mú inú wú. Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi yẹn nù, fi omi míì sè é.

Búrẹ́dì ni mo fẹ́ kí o tètè padà sí. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ coeliac, tó máa ń mú kí àlìkámà ba ìfun jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà fi ń kọ́kọ́ wádìí rẹ̀, ìwádìí náà kò sì ní rí i bí o bá ti pa búrẹ́dì tì. O gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ orúnkún, Norman Childers, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Amẹ́ríkà, ló tan án kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 pé ẹbí tòmátì ló ń fa oríkèé ríro. Ẹ̀rí tó múlẹ̀ kò tíì tẹ̀ lé e. Bí o bá rí i pé orúnkún rẹ sàn nígbà tí o kò jẹ wọ́n, tó sì padà nígbà tí o jẹ wọ́n, n kò ní bá ọ jiyàn. Kọ́kọ́ dán an wò ná.

Bí o ṣe máa dán an wò rèé. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ohun tí o jẹ, aago tí o jẹ ẹ́, àti ohun tí ara sọ. Dá oúnjẹ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 3, kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Ohun tútù tó ń mú ètè yún ọ, fi í sílẹ̀ títí o fi máa rí dókítà. Má sì ra ìwádìí ẹ̀jẹ̀ IgG tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń fi oúnjẹ tó lòdì sí ara hàn. Ohun tí o ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló máa ń fi hàn, kò mọ èyí tó ń pa ọ́ lára.

Máa ka ara páálí oúnjẹ. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí nǹkan 14 hàn ketekete lára rẹ̀: mílíìkì, ẹyin, ẹ̀pà, àlìkámà àti irú wọn. Tòmátì, ata àti pòtétò kò sí nínú 14 yẹn, nítorí náà o gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ wínníwínní náà. Ata ni paprika. Ó lè wà lábẹ́ “spices”, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n kọ E160c sí.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fi ata sílẹ̀ díẹ̀, ebi ò ní pa ọ́. Rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sínú epo pupa, jẹ́ kó rọ̀ títí yóò fi máa ta sánsán. Gún iyèré mọ́ ata ilẹ̀ kékeré kan, dà á sí i pẹ̀lú irú. Po ẹ̀gúsí, fi ṣíbí bù ú sí i, má rò ó títí yóò fi dì. Iyèré á ta ọ́ lẹ́nu dáadáa; òun àti ataare ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún àwọn baba ńlá wa kí rodo àti tòmátì tó ti Amẹ́ríkà dé.

Bí àwọn àgbà bá pè ọ́ wá jẹun, sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi kì í gba báyìí.” Ẹni tó bá gbọ́ ṣáájú kò ní pè ọ́ ní agbéraga.

Pe dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ka sísín, búrẹ́dì àti mílíìkì fún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì ní kó darí rẹ sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti di iyèré àti ẹ̀gúsí fún un.

Ìyá rẹ,
Ìbàdàn