Ẹ má fi ìlànà àrọ̀ sin edé

Sí Olóòtú,

Inú wa dùn bí àwọn ọ̀dọ́ Kábbà, Ìjùmú àti Yàgbà ṣe ń fẹ́ sin edé odò. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé inú pọ́ńdì onísìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń sin àrọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ dà á sí, wọ́n sì fẹ́ kó o pọ̀ bí wọ́n ṣe ń kó àrọ̀ pọ̀. Owó á bómi lọ.

Àrọ̀ lè gòkè wá mí. Edé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, níbi tí oúnjẹ àjẹkù ti ń jẹrà, tí ó sì ń lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, pàápàá ní ìdájí. Bí ẹ bá rí edé tó ń rákò lọ sí etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì da omi tuntun sí i kíákíá. Oúnjẹ tí ń léfòó kò wúlò fún un. Èyí tí ń rì ni kí ẹ rà, kí púrótéènì inú rẹ̀ tó 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé díẹ̀ sínú asẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ó bá ṣì kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dín tọ̀la kù.

Ibi tí èrè wà gan-an ni ọ̀rọ̀ akọ edé, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ ọ́. Akọ kì í dàgbà lọ́gbọọgba. Àwọn kan á yọ apá gígùn aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á jọba lórí pọ́ńdì, àwọn kékeré kò sì ní lè dàgbà lójú wọn. Bí ẹ bá kó àwọn ọ̀gá yìí kúrò, àwọn akọ tí apá wọn ní àwọ̀ ọsàn á gba ipò wọn, àwọn kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára tóbi. Nítorí náà, láti oṣù kẹrin tí ẹ ti dà wọ́n sí omi, ẹ máa fi àwọ̀n olójú ńlá wọ́ pọ́ńdì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ẹ kó alápá búlúù àti abo tó gbé ẹyin, ẹ tà wọ́n. Ẹni tó bá dúró títí di ọjọ́ tí yóò gbẹ́ pọ́ńdì ti bọ́ kékeré fún oṣù mẹ́fà lásán.

Edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo rọ̀, àwọn yòókù á sì jẹ ẹ́. Ẹ kó ẹ̀ka ọparun gbígbẹ tàbí àwọ̀n àtijọ́ sínú omi kó lè sá sí. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù á jẹrà, kò dára.

Pọ́ńdì ilẹ̀ amọ̀ ló yẹ ẹ́. Fún èyí tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 500, tó jìn ní mítà kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí ilẹ̀ á fi sán. Bí ilẹ̀ bá kíkan (tí ó ní ásíìdì), ẹ fọ́n láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, kílò 50 sí i. Ẹ fi asẹ́ dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ọmọ àrọ̀ má bàa bá a wọlé. Ọmọ edé 2,000 ti tó. Bí 1,300 bá yè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn gíráàmù 35, bíi kílò 45 nìyẹn. Ó kéré lójú ẹni tó ń ta àrọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi akọ epìyà díẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: epìyà lókè, edé nísàlẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún ni kí ẹ dà á sí omi, torí bí ọyẹ́ bá dé tí omi tutù ju ìwọ̀n 24 Sẹ́ńtígíréèdì lọ, ìdàgbà á fà sẹ́yìn.

Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ pọ́ńdì lẹ́bàá Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, ẹ rántí omíyalé 2012 àti 2022. Bí edé ilẹ̀ òkèèrè bá bọ́ sínú odò, kò sẹ́ni tó lè kó o padà. Ti ìbílẹ̀ wa ni kí ẹ sìn.

Ẹyin edé kì í di ọmọ nínú omi odò lásán. Omi tó níyọ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́, bíi gíráàmù 12 sí 16 nínú lítà kan. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé kan ṣoṣo tí a ti ń pa ẹyin edé di ọmọ, kí wọ́n gbé e sí Lọ́kọ́ja tàbí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ Kábbà, kí wọ́n sì pe àwọn olùwádìí òkun láti Èkó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí a ṣe ń po omi iyọ̀ náà àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ lò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwa olùsìn ẹja,
Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kogí